Iṣẹ́ Abẹ Tí Kò Lójú Ọgbẹ́: Ta Ló Dán An Wò?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí Àbújá rí mọ bí etí ṣe máa ń di nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. A óò gbé itọ́ mì, a óò yán, tàbí kí a di imú kí a sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Etí á ṣí, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ohun tó ṣí yẹn kì í ṣe ihò tí à ń ti òwú bọ̀. Lẹ́yìn ìlù etí, yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀nà tóóró kan ló so yàrá yìí mọ́ ẹ̀yìn imú, níbi tí imú ti pàdé ọ̀fun. Lára àgbàlagbà, gígùn ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 36 lọ. Bartolomeo Eustachi ará Ítálì ló ṣàpèjúwe rẹ̀ yékéyéké ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Antonio Maria Valsalva, tí òun náà jẹ́ ará Ítálì, ló wá fi orúkọ Eustachi pè é nínú ìwé tó gbé jáde ní 1704. Òun náà kò sì lọ lọ́wọ́ òfo: dídi imú fẹ́ atẹ́gùn tí à ń ṣe nínú ọkọ̀ òfuurufú, orúkọ Valsalva ni àwọn dókítà fi ń pè é.

Ọ̀nà Eustachi kì í ṣí sílẹ̀ gbayawu. Pípadé ló máa ń padé, iṣan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà ẹnu ló sì ń fà á ṣí nígbà tí a bá gbé nǹkan mì, fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ti tó. Awọ tó bo inú yàrá etí ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà bí tuntun kò bá wọlé rọ́pò èyí tí ara ń fà, agbára afẹ́fẹ́ ìta á borí ti inú, á sì máa ti ìlù etí wọlé. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ara awọ náà títí tí yóò fi kún yàrá. Omi yìí lè ki débi pé ó ń lẹ̀. Ìlù tí omi kún ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbọ̀n dáadáa mọ́. Ọmọ á máa sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á pè é títí kò ní dáhùn, ìyá á ní olóríkunkun ni. Ti àgbàlagbà ni kí etí di kó má ṣí, kí nǹkan máa ta pó nínú rẹ̀ bó bá ti ń jẹun, kí ìrora sì mú un nígbàkúgbà tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bó bá di ti ọ̀pọ̀ ọdún, ìlù etí lè fà wọlé débi pé yóò ṣe àpò, awọ ara á kó sínú àpò náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun etí.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún àìsàn yìí kéré. Wọ́n lè la ìlù etí díẹ̀ kí wọ́n ti páìpù tíntín bọ̀ ọ́, wọ́n sì lè gba imú wọlé lọ fẹ bàlúùnù nínú ọ̀nà Eustachi. Kò sí ojú ọgbẹ́ tí ará ilé á rí, aláìsàn sì sábà máa ń sùn sílé lọ́jọ́ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó kọ wá lóminú gan-an nìyẹn, lójú tèmi. Iṣẹ́ abẹ ńlá ń ba dókítà àti aláìsàn lẹ́rù, ẹ̀rù yẹn ló sì ń mú kí wọ́n béèrè ẹ̀rí. Èyí tó kéré kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Yóò ti gba ìlú kan kí ẹnìkan tó dìde béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn etí kún fún irú rẹ̀. Ní 1724, Edmé-Gilles Guyot, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Versailles, tí kì í ṣe dókítà rárá, gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Etí òun ló di, ó ní, òun sì ti fi ọ̀pá títẹ̀ gba ẹnu òun dé ẹnu ọ̀nà Eustachi láti fọ̀ ọ́. Ní 1741, Archibald Cleland, oníṣẹ́ abẹ nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ní imú ló yẹ kí a gbà, kì í ṣe ẹnu. Imú náà ni àwọn dókítà sì ń gbà títí dòní. Ṣùgbọ́n Astley Cooper ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìtàn rẹ̀ gbà mí lọ́kàn jù. Ní 1801 ó ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Royal Society bí òun ṣe fi irin ṣóńṣó lu ìlù etí àwọn kan tí kò gbọ́ràn, tí wọ́n sì gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún náà. Cooper kò fi ọ̀rọ̀ bò: àwọn tí ọ̀nà Eustachi wọn dí nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Àwọn tó fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀ kò dúró gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ń lu etí ẹnikẹ́ni tó bá ti dití, ìbáà jẹ́ ọ̀nà ló dí, ìbáà jẹ́ iṣan ìgbọ́ràn ló ti kú. Ọ̀pọ̀ kò rí àǹfààní kankan. Àwọn tó tiẹ̀ rí i, ihò náà dí padà kíákíá. Bí orúkọ iṣẹ́ náà ṣe bàjẹ́ nìyẹn, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ náà kọ́ ló burú. Kò sí ẹni tó ṣa àwọn aláìsàn kó tó mú irin.

Ihò tó ń dí padà yìí ni wọ́n jà lé lórí fún àádọ́jọ ọdún. Adam Politzer gbìyànjú rọ́bà ní Vienna. Ní 1954, Beverly Armstrong ní Charlotte, North Carolina, fi páìpù kékeré tí wọ́n fi ike ṣe sínú ìlù etí, ó sì dúró. Afẹ́fẹ́ wá ń gba ìlù etí wọlé dípò ọ̀nà Eustachi tó kọ̀ láti ṣí. Páìpù náà á máa wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí ara á fi tì í jáde. Láìpẹ́, ó di ọ̀kan lára iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe jù fún ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù, tí àwọn dókítà náà sì ń sọ, ni pé ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ní kékeré kò ní mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sì ní mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sétí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì dán an wò.

Jack Paradise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh ló dán an wò. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ ọwọ́ 6,350 sílẹ̀, wọ́n sì ń yẹ etí wọn wò déédéé. Nínú wọn, wọ́n rí àwọn ọmọ 429 tí omi etí wọn pẹ́ dé ìwọ̀n tí wọ́n ti là sílẹ̀ ṣáájú, tí òbí wọn sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣẹ́ gègé lé wọn lórí. Apá kan gba páìpù láìjáfara. Apá kejì dúró fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kí wọ́n tó fún èyí tí omi kò bá kúrò létí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ sísọ wọn, òye wọn àti ìwà wọn wò. Ìyàtọ̀ kò sí. Wọ́n tún tẹ̀ lé wọn títí tí wọ́n fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2007. Ìyàtọ̀ kò sí níbẹ̀ náà. Èyí kò sọ pé páìpù kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ràn: ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀ tí kò sì dí. Ohun tó fi hàn ni pé ìbẹ̀rù tí wọ́n fi ń sáré gbé àwọn ọmọ kékeré wọ̀nyí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Gègé tí wọ́n ṣẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Omi etí ọmọdé máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn láàárín oṣù mẹ́ta. Àgbàlagbà náà, ìgbà tí etí bá ni í lára jù ló ń lọ bá dókítà, bó bá sì ti burú tó yẹn, ibi tó kù kó yà sí sábà máa ń jẹ́ ibi tó sàn díẹ̀. Dókítà tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà á rò pé ọwọ́ òun ló wò ó. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ohun tó rí ló ń sọ. Àfi kí a ní àwọn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣàìsàn kan náà, tí a kò fi irin kàn, kí a tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti irin àti èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ tó ń lọ.

Nígbà tí bàlúùnù dé, wọ́n kọ́kọ́ fara balẹ̀. Kì í ṣe ara alààyè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bielefeld ní Jámánì, àwùjọ Holger Sudhoff, àti ní Boston, Dennis Poe àti àwọn tirẹ̀, dán an wò lára òkú tí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìdí wà fún ìyẹn. Apá ọ̀nà Eustachi tó sún mọ́ imú, kérékéré àti ẹran ló yí i ká, ìyẹn lè fẹ̀. Apá tó sún mọ́ etí, egungun ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ gba ẹ̀gbẹ́ egungun yìí kọjá, ògiri tó sì wà láàárín wọn máa ń fẹ́lẹ́, a tiẹ̀ máa ń rí ẹni tí ògiri náà ní àlàfo. Bí bàlúùnù bá fọ egungun yẹn, kò sí ẹni tó máa rántí etí mọ́. Torí náà ni wọ́n ṣe ya àwòrán inú orí òkú náà, tí wọ́n sì tún wo inú ọ̀nà náà bóyá nǹkan kan ti ya. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Èsì àkọ́kọ́ tí àwọn ará Bielefeld gbé jáde lórí alààyè, ní 2010, ènìyàn 8 péré ló wà nínú rẹ̀. Iye kékeré ló tọ́ ní ìpele yẹn, torí pé ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà náà ni bóyá yóò ṣeni léṣe. Bóyá yóò woni sàn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ti kun aláìsàn lóorun, tàbí kí wọ́n pa imú rẹ̀ kú. Oníṣẹ́ abẹ á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀ gba ihò imú títí yóò fi rí ẹnu ọ̀nà Eustachi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn imú: ihò kékeré kan ni, tí ìgbátí rẹ̀ wú yọ síta. Yóò wá fi irin títẹ̀ darí bàlúùnù tó ṣì rọ̀ wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, bó bá wú tán, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, gígùn rẹ̀ 16. Àmì wà lára rẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ wọlé kọjá, kí orí rẹ̀ má baà dé ibi egungun. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń fi kún un, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Agbára inú rẹ̀ á sì lọ dé nǹkan bíi 12 bar, ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún agbára tó wà nínú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á fa omi rẹ̀ padà, wọ́n á sì yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè sun. Iṣẹ́ tán.

Kí wá ni fífún nǹkan fún ìṣẹ́jú méjì lè ṣe fún etí tó ti dí fún ọdún mẹ́wàá? Àwọn oníwádìí náà bi ara wọn léèrè. Àwùjọ Poe gé bíńtín nínú awọ ọ̀nà náà ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi maikirosíkóòpù wò ó. Ṣáájú, awọ náà wú, ó sì kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara ń kó jọ síbi tó bá ń bínú. Bàlúùnù run wọ́n, ṣùgbọ́n ìpele ìsàlẹ̀ awọ náà kò bàjẹ́, láti ibẹ̀ ni awọ tuntun ti hù, tí ó sì fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jọ pé awọ tó wú ni bàlúùnù ń tọ́jú, kì í kàn ṣe pé ó ń fẹ ihò lójú. Ìyẹn ṣàlàyé ìdí tí àǹfààní rẹ̀, lára ẹni tó bá rí i, fi lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Síbẹ̀ àlàyé tó dùn létí kì í ṣe ẹ̀rí pé aláìsàn sàn.

Ẹ̀rí tí àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà lò nígbà tó fàṣẹ sí bàlúùnù Aera ní oṣù kẹsàn-án 2016 nìyí. Wọ́n ṣẹ́ gègé lé àwọn àgbàlagbà lórí. Ènìyàn 143 gba bàlúùnù, wọ́n sì ń lo oògùn sitẹ́rọ́ìdì tí à ń fín sí imú. 72 lo oògùn náà nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú etí padà sí bó ṣe yẹ lára ìpín 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba bàlúùnù. Lára àwọn olóògùn nìkan, 13.9 ni. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi, n kò sì rí ẹni tó máa sọ pé kò jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń ṣe mí ní kà-á-sí-kà-á-tì níbẹ̀. Gbogbo aláìsàn ló mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì kúrú, torí lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n gbà kí àwọn olóògùn náà wá gba bàlúùnù bí wọ́n bá fẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ẹni tí a ó fi wọ́n wé mọ́.

Kí aláìsàn mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú iṣẹ́ abẹ etí. Ní Denmark, lọ́dún 1981, Jens Thomsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì kan jáde lórí àìsàn Ménière, èyí tó ń mú òòyì kọ́ni tí etí sì ń pariwo. Ènìyàn 30 ló wà nínú rẹ̀. Ìdajì gba iṣẹ́ abẹ gidi tí ń dín omi inú etí kù. Ìdajì kejì, egungun ẹ̀yìn etí nìkan ni wọ́n gbẹ́ fún wọn, wọn kò fọwọ́ kan ibi tí àìsàn wà. Ẹnikẹ́ni nínú aláìsàn kò mọ èyí tó gbà. Apá méjèèjì ló sàn gidigidi, wọ́n sì sún mọ́ra. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni oníṣẹ́ abẹ etí tó bá ní làákàyè ti mọ̀ pé “aláìsàn mi ní ara òun yá” kò tó. Àwọn kan á ní ìwà ìkà ni kí a kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ẹ̀tàn. Èmi rò pé bó bá mọ̀ ṣáájú pé ó lè jẹ́ ẹ̀tàn, tó sì fọwọ́ sí i, ìkà tó wà nínú kí a máa ṣe iṣẹ́ tí kò wúlò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà tún wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú etí kò ju kí a ti rọ́bà rírọ̀ bọ etí. Ẹ̀rọ á dún wúùù jẹ́ẹ́jẹ́, á máa yí agbára afẹ́fẹ́ inú ihò náà padà, á sì máa gbọ́ bí ìlù ṣe ń gba ìró sí. Bí gbogbo nǹkan bá dára, ìlà inú ìwé á ga sókè láàárín. Bí omi bá wà nínú, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìlù bá fà wọlé, ibi gíga náà á sún sí ẹ̀gbẹ́ òsì. James Jerger ló pín wọn sí A, B àti C ní 1970. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, ọmọ ọdún méjì gan-an kò lè tàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí etí ń di, tí ọkọ̀ òfuurufú sì ń pọ́n lójú, A ni tiwọn. Fún irú wọn ni McCoul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé ìwé ìbéèrè méje jáde ní 2012, tí aláìsàn fi ń sọ bí ó ṣe ń ni í lára tó, láti 1 dé 7. Ìyẹn náà ní àbùkù tirẹ̀: ẹni tí oríkèé àgbọ̀n rẹ̀ ń dùn lè gba máàkì gíga nínú rẹ̀, tí kò sì sí ohun tó ṣe ọ̀nà Eustachi rẹ̀. Àdánwò tó lo ẹ̀rọ nìkan á fo àwọn kan dá, èyí tó lo ìwé nìkan á kó àwọn tí kò yẹ mọ́ra.

Ní Bìrìtìkó, àjọ NICE tó ń gba àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nímọ̀ràn sọ ní 2011 pé ẹ̀rí bàlúùnù kò tíì tó, pé kí wọ́n má ṣe é fún ẹnikẹ́ni àfi nínú ìwádìí. Ní 2019, àjọ kan náà ní ẹ̀rí ti tó fún àgbàlagbà, kí wọ́n máa ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yòókù. Ọdún mẹ́jọ ni. Ẹni tí etí ń di á ní ó pẹ́; Cooper ì bá ti fẹ́ irú rẹ̀.

Bàlúùnù mìíràn tún wà tí kò ná ni ní iṣẹ́ abẹ kankan. Ọmọ á di ihò imú kan, á fi èkejì fẹ́ bàlúùnù, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní 2015, Ian Williamson àti àwọn tirẹ̀ dán an wò ní Bìrìtìkó lára ọmọ 320, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá, lọ́dọ̀ àwọn dókítà àdúgbò. Lẹ́yìn oṣù kan, etí padà bọ̀ sípò lára ìpín 47.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń fẹ́ ẹ, àti 35.6 lára àwọn tí kò fẹ́ ẹ. Ẹ wo nọ́ńbà kejì yẹn dáadáa. Láìṣe ohunkóhun, ó ju ìdá mẹ́ta àwọn ọmọ náà tó sàn láàárín oṣù kan. Ká ní dókítà kan kó wọn jọ, tó fún gbogbo wọn ní àgbo tàbí ohunkóhun tó bá wù ú, yóò ní oògùn òun wo ju ìdá mẹ́ta wọn sàn, kò sì ní ṣàbùkù nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn tí bàlúùnù oníṣẹ́ abẹ kò yẹ ló kù. Àwọn kan wà tí ọ̀nà Eustachi wọn kì í padé, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn àti èémí ara wọn gbọnmọ̀gbọnmọ̀ nínú orí. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ fún dókítà: “Etí mi ń di.” Gbólóhùn kan náà, àìsàn òdìkejì ni. Bí wọ́n bá fẹ ọ̀nà náà lójú sí i, wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìpàdé ní Amsterdam ní 2014 kò kàn yà á sọ́tọ̀ lásán nígbà tí wọ́n pín àìsàn ọ̀nà Eustachi sí oríṣi mẹ́ta: èyí tí kì í ṣí dáadáa, èyí tó jẹ́ pé bí agbára afẹ́fẹ́ ìta bá yí padà nìkan ló ń dààmú ẹni, àti èyí tí kì í padé.

Àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 22 sókè ni FDA kọ́kọ́ fàṣẹ sí bàlúùnù fún, kì í sì í ṣe torí pé ọmọdé ò ní àìsàn yìí. Àwọn gan-an ló ń bá jà jù. Ọ̀nà Eustachi ọmọ ọwọ́ kò gùn ju nǹkan bí ìdajì ti àgbàlagbà lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba gbọọrọ, kò dà gẹ̀rẹ́ bíi tiwa. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà, á máa gùn, á máa tẹ̀ sísàlẹ̀, iṣan tó ń fà á ṣí náà á sì máa lágbára, tí ọ̀pọ̀ wọn á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ọwọ́ dókítà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán bàlúùnù wò lára ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní àwọn ọmọ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn kò fi kàn, kó sì máa yẹ etí apá méjèèjì wò títí tí wọ́n fi máa pé ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè sọ fún un bóyá bàlúùnù ló ṣí ọ̀nà náà tàbí egungun orí ọmọ tó gùn sí i.